Ẹ yin ọmọ yín, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó gbé e débẹ̀

Ìyá kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò pé ogójì ọdún ní oṣù tó ń bọ̀. Agbẹ̀bí ni, Parakou ló ti kọ́ṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ kiri ìgbèríko fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe olórí àwọn agbẹ̀bí níbi tó wà ní Kútọnu báyìí. Ó ti kọ́ yàrá méjì fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní òun ò ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọ kankan rí: bàbá wọn tètè kú, gàrí lòun ń yan tà, owó ò sì sí. Ó wá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan yìí kí ojú òun tó di. Àmọ́ àwọn nǹkan kan ń fà á sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ẹni tó bá ń yin ọmọ ara rẹ̀ níta, ayé ló ń pè wá bá a. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ọmọ kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá rántí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní, “Màmá, ẹ má ṣe wàhálà kankan.” Ìkẹyìn ni èyí tó kọ ní ìlà kan, tó sì sáré kọjá lórí rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ilé-ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn CEP, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí tirẹ̀, kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ títí dòní, mi ò fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́.” Ó wá béèrè pé báwo lòun ṣe máa ṣe é.

Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú oríire. Ẹ ṣe é. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣe dáadáa lójú ayé rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì lè sọ ọ́ jáde, kò yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Iṣẹ́ alága ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ẹnu mi ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdána, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àti lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Mo ti gbọ́ òbí tó yin ọmọ rẹ̀ tí gbogbo agboolé ń nu ojú, mo sì ti gbọ́ èyí tó yin ọmọ rẹ̀ tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Owó kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì dárúkọ gbogbo ẹni tó ti ọmọ náà lẹ́yìn. Èyí èkejì ń ka oyè, ilé àti mọ́tò bí ẹni ń ka ọjà inú igbá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, orí ìyàtọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sọ, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìlara wà, àgbà tó bá sì ti rí ohun tí ìlara fọ́ nínú agboolé kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú tí ẹ ń gbé. Kétu yín ni wọ́n ti ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde láti yẹ́ àwọn ìyá sí, àṣà tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún fún gbogbo aráyé, tí wọ́n sì kọ sínú àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọrin. Á yin ẹni tó ṣe rere, á sì bá ẹni tó ṣe ibi wí, lójú ọmọdé àti àgbà. Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, etí tó sì ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ ti mọ̀ pé a kì í fi ìyìn pamọ́ ní Kétu. Àkàrà òyìnbó àti àbẹ́là lè jẹ́ tuntun. Kí òbí dìde kó yin ọmọ rẹ̀ ní gbangba kì í ṣe tuntun rárá.

Ohun tí mo rí tó sábà máa ń dá ìbínú sílẹ̀ nínú ẹbí ni ìyìn tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó san owó ilé-ìwé ọdún kan jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́ “Ọlọ́run nìkan ló ṣe é,” inú rẹ̀ ń ru. Lóòótọ́, Ọlọ́run ló ṣe é. Ọwọ́ ènìyàn ló gbà ṣe é, àwọn ènìyàn ọ̀hún sì wà láàyè, wọ́n jókòó níbẹ̀, wọ́n ń retí kí ẹ bojú wò wọ́n. Bí ayé bá ń ti ibì kan wọlé, ibẹ̀ ni mo rò pé ó ń gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ mú obì lọ bá bàbá yẹn nílé rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé òun ló máa ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì máa jókòó sí ipò àbúrò rẹ̀ tó ti lọ. Àgbà tí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀, tí a sì fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ó ṣòro kó tún dúró lẹ́yìn ọgbà máa kìlọ̀. Bí ó bá sì ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ ṣe kí ọkàn òun tó balẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹ ní ìwé sọ ọjọ́ kan, ẹ̀yin sì rántí pé òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni, àti pé ọjọ́ ọjà ni, nítorí pé ojú ọ̀nà ọjà ni ìrọbí ti mú yín. Irú èyí pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò níwèé ìgbà tí wọ́n bí wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò ni òbí lọ gba ìwé ní ilé-ẹjọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif, ọjọ́ tí ẹnu bá sì mú ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà míì wà tó jẹ́ “né vers” (a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí) ló wà nínú ìwé tiwọn, ọdún nìkan, kò sí oṣù, kò sí ọjọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tiyín náà rí.

Ẹ má fọwọ́ kan ìwé ọmọ yín. Ọjọ́ yẹn ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí BEPC àti BAC tó gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lórí ìwé-ẹ̀rí agbẹ̀bí rẹ̀ àti nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ti fi ẹsẹ̀ kọ gbogbo ìyókù. Ọjọ́ ìwé jẹ́ ti bírò. Ọjọ́ tí ẹ rántí jẹ́ ti ilé, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, ọ̀nà wà. Ẹ wá obìnrin tó bímọ ní àsìkò kan náà ní àdúgbò yín. Ọmọ tirẹ̀ lè ní ìwé tó péye. Bí ẹ bá ṣe ìrìbọmi fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìwé ìrìbọmi ìjọ lè sún mọ́ òtítọ́ ju ti ilé-ẹjọ́ lọ. Kàádì abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí èkúté ò bá tíì jẹ ẹ́, máa ń ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Orúkọ náà máa ń sọ̀rọ̀: Abíọ́dún, Abéjídé, Abíọ́nà, ẹni tó sọ wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n dé. Ọjà wa tó ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin sì ṣeé kà padà sẹ́yìn. Ẹ fún ẹni tó mọ ìṣirò ní ọjọ́ méjì tí ẹ ń ṣiyèméjì lé lórí, yóò sọ èyí tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà fún yín. Ọmọ ọmọ yín lè ṣe èyí lórí tẹlifóònù rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kùnà, ẹ mú ọjọ́ ọjà tó sún mọ́ ọn. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi níbí ni ìtàn ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ yín ti gbẹ̀bí fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò níye. Ó mọ bí ìrọbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń di ewu, ó mọ ohùn ìyá tó ti rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe bí òun? Ẹ jókòó kí ẹ sọ ọ́ fún un, látorí ìgbà tí ẹ gbé igbá kalẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà: ta ló dì yín mú, ta ló sáré lọ pe ìyá agbẹ̀bí, aṣọ ta ni wọ́n fi wé e, orúkọ wo ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ọjọ́ ìbí ọmọ, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá ni. Nínú gbogbo ẹ̀bùn tí ẹ lè fún agbẹ̀bí tó pé ogójì ọdún, mi ò mọ èyí tó lè tó ìyẹn.

Ìlà kan ṣoṣo tí ẹ fi sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo wá fẹ́ dúró lé.

Ẹ ní ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn CEP “nítorí tirẹ̀.” Ẹ ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo lè fojú inú wò ó, nítorí pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láti Kétu dé Ṣábẹ́. Bàbá kú. Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ò lè tó ọmọ méjì. Ọmọkùnrin gbé ọkọ́, ó lọ sóko ẹ̀gẹ́. Ìyá ń bó o, ó ń rọ́ ọ, ó ń yan án. Ọmọkùnrin náà ló ń gbé àpò gàrí lọ sọ́jà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá wọ́n ní Kétu, ta ló ń lọ pọn ọ́n kí àbúrò lè ráyè kàwé? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, Ìyá wa, a jẹ́ pé iṣẹ́ agbẹ̀bí yẹn ní ẹni tó gbin ín. Ẹ̀rù ń bà yín pé inú rẹ̀ á bàjẹ́ bí ẹ bá yin àbúrò rẹ̀. Mo gbà pé ohun tó lè ba inú rẹ̀ jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí ẹ yin àbúrò rẹ̀ tán, kí ó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjì nìkan, kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò gbàgbé. Ẹ bi í léèrè pé kí ni kí n sọ, kí ni kí n má sọ. Ọkùnrin tó ti lé lógójì, tó ní aya àti ọmọ, lè má fẹ́ kí gbogbo ẹbí gbọ́ pé òun fi ìwé sílẹ̀. Ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣọ́ bí ẹ ó ṣe gbé gbólóhùn náà kalẹ̀. Ẹ fetí sí méjèèjì yìí. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò lè kàwé, ó fi ara rẹ̀ jìn fún un.” Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọnù ló ń kà, àánú ló sì máa kù lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Ẹ wá gbọ́ èyí: “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ń gbé gàrí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó àpò tó bá tà ni mo fi ra ìwé kíláàsì kẹfà fún un.” Èyí sọ ohun tó ṣe. Ọkùnrin lè gbé orí sókè nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe, ẹ fi ohun tó pàdánù sílẹ̀.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó níyì lọ́jọ́ náà. Òun ni kó dìde kí àwọn àlejò káàbọ̀ lórúkọ bàbá wọn, òun ni kó gbé obì fún àgbà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ di ẹni tó ń to àga, tó ń gbé omi tútù, tó ń lọ wá yìnyín, nígbà tí àwọn tó níṣẹ́ jókòó. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ọmọ àdúgbò tó máa to àga.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ènìyàn rere máa ń ṣe, tó sì máa ń dun ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n á ṣàdúrà fún ẹni ọjọ́ ìbí tán, wọ́n á yíjú sí ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní, “Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà.” Gbogbo ojú á yí sí i. Àdúrà yìí dára nínú yàrá, láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín. Ní gbangba, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé tirẹ̀ kò tíì ṣe. Ọmọ ọjọ́ ìbí náà pẹ̀lú: bí nǹkan kan bá wà tó ṣì ń retí, ọkọ ni o, ọmọ ni o, ẹ má fi ọjọ́ yẹn tọrọ rẹ̀ lójú àwùjọ. Ọjọ́ ọpẹ́ ni. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó máa gbàdúrà ṣáájú, pàápàá àwọn tí ẹnu wọn máa ń gùn.

Ẹ má sì sọ fún ọmọ yín pé kó wá san oore ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀, yóò dìde. Bí ó bá fẹ́ ran ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó mọ ọ̀nà ilé. Ìgbà tí ìdúpẹ́ bá di gbèsè, kì í dùn mọ́.

Ohun kan tún wà tó ń tún ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe lọ́nà tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè gbà ṣe é: oríkì. Ẹ pe àwọn ìyàwó ilé, àwọn tó ti pẹ́ nínú agboolé ọkọ yín. Àwọn ló sábà máa ń mọ oríkì ilé ju ọmọ ilé lọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ń kí ọkọ àti ọmọ ọkọ lójoojúmọ́. Ẹ ní kí wọ́n kì í. Níbi iṣẹ́, “Madame” ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ yín. Ó lè ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pè é ní Àdùkẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ tàbí èyíkéyìí tó jẹ́ oríkì àbísọ rẹ̀, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tó sì tún un pè. Nígbà tí wọ́n bá sì wọ oríkì orílẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Oríkì orílẹ̀ kò béèrè ẹni tó kàwé àti ẹni tó gbọ́kọ́. Ọmọ baba kan náà ni wọ́n, ìyìn kan náà ló bọ́ sí wọn lórí. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì dúró pa pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kì í.

Ọ̀rọ̀ tiyín fúnra yín ńkọ́? Kó kúrú. Ẹ jókòó bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín. Ẹ mú nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí ojú yín rí, tí ẹlòmíràn ò rí. Àpẹẹrẹ nìyí, ẹ fi tiyín rọ́pò tèmi:

“Ọmọ mi, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́ ní ọ̀gá agbẹ̀bí. Èmi mọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Mò ń yan gàrí, o jókòó sọ́dọ̀ mi, o fi ìwé síwájú, èéfín ń wọ ojú rẹ, o ń fi apá aṣọ nù ún, o ò dìde. Nígbà tí o ń lọ sí Parakou, aṣọ méjì ló wà nínú àpò rẹ, o ò sọ fún mi pé kò tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbé àpò gàrí tí mo fi wọ ọ́ mọ́tò. Bàbá àgbà yín yìí ló bá mi bẹ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí wọ́n lé ọ nítorí owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú rẹ, kí o lè mọ̀ wọ́n. Ìwọ náà ṣe tìrẹ. Mo rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Ẹ wò ó, kò sí yàrá méjì níbẹ̀. Àwọn àlejò ti rí yàrá náà bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kò sí ọmọ ẹlòmíràn tí a fi wé e. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ,” ẹ má fò ó. Àwa òbí máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọmọ, a sì máa ń gbàgbé pé ọmọ ọ̀hún ló jí lóru lọ síṣẹ́. Yin ni yin ni kẹ́ni ó ṣe òmíràn.

Ní ti ètò, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a fi sọ ọmọ lórúkọ ni mo fẹ́ràn láti tún gbé jáde fún àgbàlagbà ọmọ: omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare. Kí àgbà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi ṣàdúrà, kó fi kan ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e yí ká. Bí mùsùlùmí bá ni yín, ẹ pe àwọn ààfáà kí ẹ ṣe sàráà. Bí onígbàgbọ́ bá ni yín, ẹ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ yín ní Sunday, kí ẹ tó ṣe ti ilé. Ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ wa níbí ní 1947, ní ètò ìdúpẹ́ tó lẹ́wà. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Oúnjẹ: ẹ se ohun tó fẹ́ràn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni o, iyán ni o, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá fẹ́ kéèkì, ẹ ra kékeré fún wọn.

Ẹ má yá owó. Ẹ má gba àjọ yín ṣáájú àsìkò nítorí oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín san án; mo mọ̀ pé òun ló lówó jù nínú ilé, yóò sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù bó bá ti gbọ́. Ẹ sọ fún un pé rárá. Ìnáwó yín nìyí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ yìn ín. Abọ́ àkàrà kan tí ẹ fi owó gàrí yín ṣe yóò dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju màlúù tó fi owó ara rẹ̀ rà lọ.

Mi ò fara mọ́ aṣọ ẹbí fún irú èyí. Ẹni tí kò bá rówó rà á kò ní wá, ẹ sì mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sílé. Bí aṣọ ẹgbẹ́jọdá bá wù yín, ẹ ra àǹkárá kan, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín méjèèjì wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ rà á fún wọn.

Ọ̀rọ̀ fótò. Àwọn ọmọ ọmọ yín á fẹ́ gbé e sí WhatsApp àti Facebook, kò burú. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má ya ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìwé ló wà lójú rẹ̀, ohun tí àwọn oníjìbìtì orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní gayman ń wá gan-an nìyẹn. Kí wọ́n má kọ orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì kọ ọ̀rọ̀ nípa obìnrin kankan tó gbẹ̀bí fún, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó. Àṣírí abiyamọ ni. Wọ́n lè bi í lẹ́jọ́ níbi iṣẹ́.

Ó wá ku ọmọ fúnra rẹ̀, tó ní kí ẹ má ṣe wàhálà. Ẹnu ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣàánú àpò yín, ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò fẹ́ kí wọ́n pariwo òun. Ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ bí ẹ bá bi í pé, “Ṣé kí n ṣe é?” Rárá ló máa sọ. Ẹ bi í ní nǹkan tó ní ìdáhùn. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ wá, àbí ilé nìkan? Ṣé kí n mẹ́nu ba ipò tuntun tí wọ́n fún ọ, àbí kí n fi sílẹ̀? Ta ni kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀? Ipò yẹn tirẹ̀ ni, òun ló ṣiṣẹ́ fún un, òun ló sì mọ bó ṣe rí láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń retí rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ìtàn agbada gàrí kò nílò rẹ̀.

Bí ó bá ní ilé nìkan, kó jẹ́ ilé nìkan: ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀, bàbá àgbà, àwọn ìyàwó ilé. Ìyẹn ti tó láti kún àgbàlá. Kí ẹ sì bi í nípa iṣẹ́ alẹ́ kí ẹ tó mú ọjọ́, nítorí pé àwọn agbẹ̀bí kì í yan ọjọ́ tí wọ́n máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọjọ́ tí ẹ mú bá bọ́ sí ìgbà tó wà ní Kútọnu, ẹ sún un sí ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tètè ránṣẹ́ sí àwọn ìyàwó ilé pé ọjọ́ ti yí padà.